"100% Bio" Lára Pátákó Ilé Oúnjẹ

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ jẹun ọ̀sán ní ilé oúnjẹ kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), èyí tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ "100% bio" gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo oúnjẹ ibẹ̀ ló ti oko tí wọn kì í lo oògùn tàbí ajílẹ̀ kẹ́míkà wá. Iyán, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbọ̀mà àti ẹja ọ̀sà ni a jẹ. 3,500 fáráǹkì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí à ń san fún irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Owó náà kò dùn mí, nítorí ìyá mi ti gbin ẹ̀fọ́ létí ọ̀sà rí, mo sì rántí bí ó ti máa ń fọwọ́ ṣa kòkòrò kúrò lára ewé nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ pààlà ń fín oògùn. Ohun tó dùn mí ni èyí tí mo rí nígbà tí mo lọ fọwọ́ lẹ́yìn ilé: apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Wàńdó dé, tí okùn tí alábàárù fi dì í kò tíì tú, àti páálí màgí kan tí wọ́n ti ya lẹ́nu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀.

Mo bi ìyá olóúnjẹ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an ni bio nínú ọbẹ̀ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ ni. Láti oko ló ti wá, a kì í lo nǹkan inú agolo níbí."

N kò rò pé irọ́ ló ń pa, ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Lójú tirẹ̀ àti lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ohun tí kò bá ti inú agolo wá, bio ni. Bẹ́ẹ̀, bio kì í ṣe orúkọ mìíràn fún oúnjẹ ìbílẹ̀. Orúkọ ọ̀nà tí a gbà gbin nǹkan tàbí tí a gbà sin ẹran ni, tí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí olóko sì ti yẹ̀ wò. Òfin Amẹ́ríkà béèrè pé kí ilẹ̀ náà ti wà fún ọdún 3 láìrí oògùn tàbí ajílẹ̀ tí kò bófin mu kí a tó kórè ohun tí a óò pè bẹ́ẹ̀. Tòmátì tí wọ́n gbìn ní Kétu lè jẹ́ tìbílẹ̀ dé gbòǹgbò, kí wọ́n sì ti fín oògùn òwú sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ ẹja tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òfin Àjọṣepọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù, ẹja tí a pa nínú omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sìn ín, àti ẹran tí ọdẹ pa nínú igbó, kò lè jẹ́ bio, bó ti wù kí omi tàbí igbó náà mọ́ tó, nítorí pé kò sí ẹni tó lè ṣàkóso bí wọ́n ṣe dàgbà délẹ̀délẹ̀. Ẹja ọ̀sà wa kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀yà àti òkété. (Ọdẹ kan tí mo sọ èyí fún wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú.) Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà gba èso àti ewé tí a ṣà nínú igbó láyè, bí ilẹ̀ ibẹ̀ kò bá ti rí oògùn tí kò bófin mu fún ó kéré tán ọdún 3. Nípa bẹ́ẹ̀, irú tí wọ́n ṣe láti ara igi irúgbá inú igbó Ṣábẹ̀ẹ́ lè tọ́ sí orúkọ yìí ju ẹja àwo mi lọ.

Mo wá wo ohun tí àwọn ìlú tó ti ń ṣòfin lórí èyí tipẹ́ sọ nípa ilé oúnjẹ gan-an, ó sì yà mí lẹ́nu pé ilé ìdáná ni òfin ti máa ń rọ̀ jù. Òfin Yúróòpù 2018/848, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, kò kan oúnjẹ tí ilé oúnjẹ ń sè. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ó kàn kọ̀ fún ilé oúnjẹ láti fi àmì bio Yúróòpù polówó ara rẹ̀ tàbí àwo oúnjẹ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ kò nílò ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn pé bio ni èròjà tó pè ní bio, kò sì gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwo tí a bá pè ní bio gbọ́dọ̀ ní èròjà bio tó tó 95% ó kéré tán, wọn kì í sì í ka omi àti iyọ̀ mọ́ ọn. Èyí dára fún wa tí a ń jẹ ọbẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ń ka omi, ta ni yóò yege?

Ti Denmark ló wù mí jù. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fún ilé oúnjẹ ní àmì gẹ́gẹ́ bí ìpín bio nínú ohun tó ń rà: idẹ fún 30 sí 60%, fàdákà fún 60 sí 90%, wúrà fún 90 sí 100%. Ẹni tí apá kan ọjà rẹ̀ péré jẹ́ bio lè sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, kò sì sí ohun tó ń tì í láti kọ 100%. Ìlú tiwa yìí, tí Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà láti ọdún 1985, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ níbẹ̀ bí a ṣe ń fi ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí oko ṣe ajílẹ̀, kò yẹ kó ṣàìní àgbẹ̀ tí ilé oúnjẹ lè dárúkọ.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ìyá olóúnjẹ pè mí padà. Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní gbọ̀mà òun, lọ́wọ́ obìnrin kan tí kì í fín oògùn lòun ti ń rà á, òun sì mọ ọgbà rẹ̀. Mo ní kó kọ ìyẹn gan-an síta, orúkọ ẹ̀fọ́ náà àti ibi tó ti wá, kó máa gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà tó bá rà á, kó sì pa 100% rẹ́ títí ẹnì kan yóò fi wá yẹ ọgbà náà wò. Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó mú ṣọ́ọ̀kì wá.

"Ẹja ńkọ́?"

"Ẹ kọ ẹja ọ̀sà, ìyá."