Ìwé Ọkùnrin Tó Ń Wọ Bọ́ọ̀sì Lọ Gun Òkè

Mi ò ní mọ́tò. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí mò ń ṣe ní Manchester kì í sì í sábà fún èèyàn ní ìsinmi ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Bí mo bá fẹ́ lọ fẹsẹ̀ rìn ní Lake District, agbègbè olókè àti adágún ní àríwá ìwọ̀ oòrùn England, àfi kí n lọ kí n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nínú gbogbo ìwé afinimọ̀nà tí mo ti rà, èyí tó bá irú wa mu jù ni méje tí Alfred Wainwright kọ lórí àwọn òkè ibẹ̀, torí pé òun náà kì í wa mọ́tò. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ, bọ́ọ̀sì ló sì ń wọ̀ bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn, ibi tí wàá gbé mọ́tò rẹ sí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Nínú tiẹ̀, láti abúlé àti ojú títì ni ọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Olùtọ́jú owó ìlú Kendal ni. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé náà ní 1952, àkọ́kọ́ jáde ní 1955, ìkeje ní 1966, òkè 214 ló sì wà nínú wọn. Ọwọ́ ló fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọwọ́ náà ló fi ya àwòrán. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ojú ewé tó ń fi bí a ṣe ń gun òkè hàn. Ní ìsàlẹ̀ ewé, máàpù ni: afárá, ògiri òkúta, ilé àgbẹ̀, bí ẹni pé a wà lófuurufú tí à ń wò wọ́n nísàlẹ̀. Bí ojú bá ṣe ń gòkè lórí ewé ni ilẹ̀ ń dìde díẹ̀díẹ̀, títí tí òkè á fi nàró gan-an bí ẹni tó dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe máa rí i. Ẹni tí ò mọ máàpù kà rárá á mọ ibi tó ń lọ.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Nílé, àgbà ló ń mú ọmọdé gun òkè, tí á máa sọ fún un pé má tẹ ibẹ̀ yẹn, ibí ni kí o gbà. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mi ò ní àgbà kankan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìwé yìí ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo Catbells, òkè 451 mítà tó wà létí adágún Derwentwater, ní òdìkejì ìlú Keswick. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń ṣí ìwé sórí tábìlì. Àwòrán ti sọ fún mi pé nítòsí orí òkè, àpáta wà níbi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní òjò máa rọ̀, mo yáa yan ibòmíràn.

Àmọ́ ìwé nìkan ò tó. Mo máa ń tẹ́ máàpù Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó ní èèpo aláwọ̀ ọsàn, tí sẹ̀ǹtímítà 4 orí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1 nílẹ̀. Níbi tí àwọn ìlà tó ń sọ gíga ilẹ̀ bá ti fún mọ́ra, ibẹ̀ ni èèyàn á ti mí hẹlẹhẹlẹ. Ìṣirò tí Naismith, ará Scotland, fi lélẹ̀ ní 1892 ṣì wúlò: kìlómítà 5 ní wákàtí kan, kí a fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí a bá gùn. Láti Hawes End, èbúté tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, dé orí Catbells tó nǹkan bíi kìlómítà 2, gíga tí a ó gùn sì sún mọ́ mítà 370. Wákàtí kan nìyẹn. Èmi máa ń fi ààbọ̀ kún un, torí mo fẹ́ dúró wo nǹkan.

Ọkọ̀ ojú omi ló ń já wa sí Hawes End. Tí a bá ti débi ọ̀fun òkè, ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ láàárín òkè méjì, tí wọ́n ń pè ní Hause Gate, a lè sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó Brandelhow, ilẹ̀ tí National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, kọ́kọ́ rà ní agbègbè náà, ní 1902, kí ọkọ̀ sì gbé wa padà ní èbúté High Brandelhow. Kò sídìí láti padà gba ọ̀nà tí a gbà lọ.

Ẹni tí òkè gígùn ò bá lára mu, kó wọ bọ́ọ̀sì 555 láti ìlú Windermere lọ sí Keswick. Ẹ jókòó sí àjà òkè bọ́ọ̀sì, lápá òsì: àwọn adágún Windermere, Rydal Water, Grasmere àti Thirlmere, apá ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Tí ẹ bá dé Thirlmere, ẹ yíjú sọ́tùn-ún díẹ̀, Helvellyn nìyẹn, 950 mítà. Mo máa ń ṣí ojú ewé rẹ̀ sórí itan mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé, “Àbúrò mi, ṣé gbogbo òkè tí ò ń gùn yìí, kò sí èyí tó mọ níwọ̀n fún orúnkún mi?” Orrest Head ni mo mú wọn lọ, 239 mítà péré, ọ̀nà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì ibùdó ọkọ̀ ojú irin Windermere. Orí òkè yìí ni Wainwright dúró sí ní 1930, lọ́mọ ọdún 23, tí ilẹ̀ náà fi gbà á lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n jókòó, wọ́n wo adágún Windermere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní, “Ọlọ́run mà tóbi o.” Wọn ò fẹ́ ká tètè lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ìwé Wainwright, ẹ ra ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe, torí ògiri ti wó níbòmíràn, ọ̀nà sì ti yí padà.

Òkè tí mo fẹ́ gùn kàn ni Haystacks, 597 mítà. Ibẹ̀ ni wọ́n da eérú Wainwright sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1991, létí omi kékeré kan tó wà lókè níbẹ̀, bó ṣe fẹ́. Mo fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì dé abúlé Buttermere, kí n gba ọ̀nà Scarth Gap gùn ún, kí n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Honister. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba ibẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni òkúta ibẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò?