El Hierro: níbi tí omi ti ń gòkè, tó tún ń sọ̀kalẹ̀ lásìkò kan náà

Fẹ́rì la wọ̀ láti Los Cristianos ní erékùṣù Tenerife, òkun ru lọ́jọ́ yẹn ẹ jàre, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bì ṣáá, èmi náà kàn di àga mú ni. Bá a ṣe sọ̀ ní Puerto de la Estaca, èbúté El Hierro, báyìí, atẹ́gùn já fìlà mi gbà ó gbé e lọ sínú òkun. Mo ní kò burú, ìwọ gan-an ni mo wá wò.

Erékùṣù Sípéènì ni El Hierro, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò ju bí ẹgbẹ̀rún 11 lọ, kò sí wáyà iná kankan tó so wọ́n mọ́ ibòmíì, ohun tí wọ́n bá sè ni wọ́n máa jẹ. Tọ́báìnì atẹ́gùn márùn-ún, ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí kó lè mú iná wá, ló wà nítòsí Valverde, olú ìlú wọn, agbára iná mẹ́gáwáàtì 11.5 ni gbogbo ẹ̀, ó ju iná tí wọ́n ń lò lọ. Mo wá ń rò ó pé, ṣebí ó ti parí nìyẹn?

Kò tíì parí o. Wọ́n mú wa lọ síbi ihò òkè ayọnáyèéfín kan tó ti kú tipẹ́, wọ́n fi nǹkan dúdú bíi rọ́bà tẹ́ inú ẹ̀, wọ́n wá rọ omi sí i. Atẹ́gùn bá pọ̀, pọ́ǹpù á fa omi gòkè síbẹ̀ láti adágún míì nísàlẹ̀, atẹ́gùn bá rọ̀, omi á já wálẹ̀ láti bíi mítà 650 á yí tọ́báìnì tìsàlẹ̀. Ìyẹn yé mi. Èyí tí ò yé mi ni pé nígbà míì pọ́ǹpù ń fa omi lọ sókè, omi sì tún ń já bọ̀ wá sísàlẹ̀ lásìkò kan náà! Mo ní ṣé ẹ ò máa fiṣẹ́ ṣòfò báyìí? Ọ̀gá tó mú wa káàkiri rẹ́rìn-ín, ó ní atẹ́gùn kì í fẹ́ dọ́gba, iná sì gbọ́dọ̀ dúró sórí Hertz 50, ìyẹn ni pé kó máa lù ní ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, irin wúwo tí omi ń yí yẹn ló ń mú un dúró kó má baà máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Lọ́dún 2019 wọ́n lo ọjọ́ 24 gbáko láìtan jẹnẹrétọ̀ dísù, ìgbà ooru tiwọn níbẹ̀ ni, ìgbà yẹn ni atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa. Lójú tèmi o, adágún ìsàlẹ̀ ló dí wọn lọ́wọ́: tòkè gba kúbíìkì mítà 380,000, tìsàlẹ̀ ò ju 150,000 lọ, tó bá ti kún, ibo lẹ fẹ́ da ìyókù sí?

Nírọ̀lẹ́ tá à ń dúró de fẹ́rì, gbogbo ẹ̀ pa lọ́lọ́, ewé kan ò mì. Nígbà tó yá mo rí èéfín tó rọra ń yọ lápá Llanos Blancos, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wọn wà.