Ilé Kan Náà Ni Wọ́n Ń Tà Káàkiri Lẹ́kì, Owó Rẹ̀ Ló Ń Ga Sí I

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wá ilé rà ní agbègbè Lẹ́kì láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá yóò mọ ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dáadáa. Ilé alájà méjì tàbí mẹ́ta ni, ògiri rẹ̀ funfun, wọ́n sì ti fi òkúta dúdú tàbí ohun tó jọ pákó bo apá kan iwájú rẹ̀ kó lè dùn-ún wò nínú fọ́tò. Bí ẹ bá wọlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, pálọ̀ ni yóò kàn, ibi ìjẹun wà lẹ́yìn pálọ̀, ilé ìdáná wà lẹ́yìn ibi ìjẹun, àtẹ̀gùn yóò sì gbé yín lọ sí òkè, níbi tí pálọ̀ kékeré kan wà pẹ̀lú àwọn yàrá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Yàrá ọmọ ọ̀dọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní bíkíù, wà ní ẹ̀yìnkùlé tàbí lókè pátápátá. Bí ẹ bá jáde kúrò nínú èyí tí ẹ sì wọ èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ lè di ojú yín kí ẹ sì rìn dé ilé ìdáná láìkọsẹ̀. Bí ẹ bá sì fi ẹ́síteèti yẹn sílẹ̀ lọ sí òmíràn ní Agungi, ní Osapa, ní ọ̀nà Chevron tàbí ní ọ̀nà Orchid, ilé kan náà ni yóò tún pàdé yín, orúkọ ẹnu géètì àti iye owó nìkan ni yóò yàtọ̀.

Mo ti mọ ilé yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n bá òun lọ fojú rí àwọn tí wọ́n ń fi fídíò wọn ránṣẹ́ sí òun ni mo tó fara balẹ̀ wò ó. Ẹni tó mú mi wọ ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ráàsì oníyàrá mẹ́rin náà, ìyẹn ilé tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn ní ìlà kan, pè é ní ₦150,000,000, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń pe owó ńlá, torí pé àwọn kan wà ládùúgbò náà tí wọ́n ń pe ìlọ́po méjì iye yẹn. Láti oṣù Keje ọdún 2024, ₦70,000 lóṣù ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ilẹ̀ Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò máa kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún ohun tó lé ní ọdún 178 kó tó lè ra tẹ́ráàsì yìí. Ẹ lè ní kò sí ẹni tó ní kí òṣìṣẹ́ onípò ìsàlẹ̀ wá ra ilé ní Lẹ́kì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba mílíọ̀nù kan náírà lóṣù, tí gbogbo ẹbí ń wò bí olówó, yóò fi ọdún méjìlá àbọ̀ kó owó oṣù rẹ̀ jọ láìjẹ, láìmu, láìsan owó iléèwé ọmọ kankan. Ta wá ni wọ́n ń kọ́ ọ fún?

Kí n tó dáhùn ìbéèrè yẹn, mo fẹ́ kó yé wa pé kí ilé jọra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé-iṣẹ́ Levitt and Sons bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sórí oko ọ̀dùnkún ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York, fún àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé. Ọdún 1947 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1951, wọ́n ti kọ́ ilé tó lé ní 17,000, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jọra bí ìbejì. Nítorí pé nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ilé náà kò wọ́n: ní ọdún 1949, wọ́n ń ta èyí tó jẹ́ tuntun nígbà náà ní $7,990, iye tí òṣìṣẹ́ lásán lè fi owó oṣù rẹ̀ san díẹ̀díẹ̀. Mi ò gbàgbé pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀, ìwà ìkà tí kò ní àwíjàre ni. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ owó, èrè tó wà nínú jíjọra dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, láìsí ẹ̀tanú yẹn. Ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àjọ ilé gbígbé sílẹ̀, Bódìjà ní Ìbàdàn sì jáde láti inú iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín 1979 sí 1983, Alhaji Lateef Jákàńdè tó jẹ́ gómìnà Èkó kọ́ fúláàtì kan náà káàkiri, ní Ìsọlọ̀, ní Abẹ́sàn àti níbòmíràn, fún àwọn ènìyàn tí kì í ṣe olówó. Ọ̀kan nínú wọn wà lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ gan-an, àwọn kọ́ńdọ́ sì ń pariwo "Jákàńdè" níbẹ̀ títí dòní. Ó dùn mí pé lẹ́bàá ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ta jíjọra lónìí bí ohun àrà.

Ní àwọn ẹ́síteèti tuntun yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ayàwòrán ilé ń gba owó iṣẹ́. Pákó tí wọ́n fi da kọnkéré ilé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tú lọ sí ìkejì, gígùn kan náà ni wọ́n ń gé irin, ilẹ̀kùn àti táìsì ń wọlé láti Ṣáínà nínú kọ̀ǹténà kan náà. Gbogbo èyí ń dín owó kù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ra ilé kẹrìnlélógún san ju ẹni tó ra ìkíní lọ. Mi ò ní pa irọ́ mọ́ àwọn dẹfẹ́lọ́pà, nítorí ìnira wọn kì í ṣe kékeré. Ilẹ̀ wọ́n. Wọn yóò san fún ọmọ onílẹ̀, wọn yóò san fún ìwé, wọn yóò sì da iyanrìn sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù kan léra. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí; nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ ti gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn báńkì tí ènìyàn ń yá owó lọ́wọ́ wọn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, owó ẹni tó fẹ́ rà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, olùrà yóò máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, ilé yóò sì máa ga bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹni tó ń fi owó ẹlòmíràn kọ́lé lọ́nà yìí kì í fẹ́ dán àwòrán tuntun wò. Èyí tó ti tà rí ni yóò tún tà.

Ìdí kejì tí ilé wọ̀nyí fi ń jọra ló ká mi lára jù, òun náà sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra ilé wọ̀nyí kò ní gbé inú wọn. Wọ́n ń rà á kí náírà má baà jó mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn yóò tì í pa títí owó rẹ̀ yóò fi lé sí i, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́tílẹ́ẹ̀tì, ilé tí wọ́n ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀, fún àwọn tó ń wá ṣe ọdún Kérésìmesì. Ilé tí a rà láti tún tà gbọ́dọ̀ jọ gbogbo ilé yòókù, kí ẹni tó ń bọ̀ wá rà á má baà rí ohun tuntun kan tí yóò máa rò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbi tí wọ́n ti ń ṣe àdéhùn tó ń béèrè bóyá ooru yóò mú ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò gbé ibẹ̀ kò sí láàárín wọn.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe rí nínú ilé. Pọ́lọ́ọ̀tì tí a mọ̀ jù ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ 60 ní ìbú àti ẹsẹ̀ 120 ní gígùn. Bí wọ́n bá to tẹ́ráàsì mẹ́rin sí ìbú rẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan kò ní fẹ̀ tó ẹsẹ̀ 15 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ààyè ẹ̀gbẹ́ ọgbà àti nínípọn ògiri kúrò. Ilé tó wà láàárín fara ti aládùúgbò lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí náà iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ti lè yọ fèrèsé. Nígbà tí wọ́n bá sì ti ilé ìdáná àti balùwẹ̀ sí ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ tó gba iwájú wọlé kò rí ibi tí yóò gbà jáde. Wọn yóò tan iná síbi ìjẹun àti sórí àtẹ̀gùn ní ọ̀sán gangan. Èyí tó tún burú ni pé àwòrán kan náà ni wọ́n ń fi kọ́ ilé sí apá méjèèjì títì, tí wọ́n kàn yí i padà kí wọ́n lè kọjú síra. Yàrá ńlá tó ń gba oòrùn òwúrọ̀ ní apá kan ni yóò máa gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ ní apá kejì, ògiri rẹ̀ yóò ti gbóná kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ amúlétutù yóò sì máa ṣiṣẹ́ títí di òru. Owó dísù tí jẹnẹrétọ̀ ẹ́síteèti fi ń gbé e yóò wá sínú owó ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún, tí olùrà kì í sábà béèrè nípa rẹ̀ títí tí wọ́n á fi fi ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé sí inú ooru. Nínú àkòdì àtijọ́, yàrá yí àgbàlá ká, afẹ́fẹ́ ń ti àárín wọlé, òjò sì ń rọ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n gbé síbẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsílì padà wá sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ń la ọ̀dẹ̀dẹ̀ já láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya ilé fún Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n fi ògiri oníhò-hò bo iwájú ilé kí oòrùn má baà wọlé tààrà, kí atẹ́gùn sì lè máa la yàrá kọjá. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Góòlù ní Venice ní ọdún 2023 fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn, kò sí dúpùlẹ́ẹ̀sì kan ní Lẹ́kì tó jìnnà sí ibẹ̀ débi tí àwọn tó ń kọ́ ọ kò fi lè wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó. Àwòrán tó dára, bí wọ́n bá tún un kọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún, ohun ayọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹbí tún wà níbẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nígbà tí ilẹ̀ bá kéré, ó sì jẹ́ yàrá tí ìyá wa tí orúnkún ń dùn yóò sùn nígbà tó bá wá tọ́jú ìyálọ́mọ. Ilé ìdáná kò fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn méjì yóò ti máa gúnyán, bí odó bá sì dún, ogiri kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ àti orí aládùúgbò. Níbi ìkómọ, kò sí àgbàlá tí wọn yóò ti ta àtíbàbà, nítorí pé ìwájú ilé jẹ́ íńtàlọ́ọ̀kì fún ọkọ̀ méjì. Àbúrò mi béèrè lọ́wọ́ aṣojú wọn nínú fídíò pé níbo ni àwọn òbí òun yóò máa gbé bí wọ́n bá wá, ó sì dá a lóhùn pé bíkíù wà lókè. Ó tọ́ka àwọn òbí wa sí yàrá ọmọ ọ̀dọ̀, lórí àtẹ̀gùn kẹta, ní ilé tí wọ́n ń pè ní ilé afẹ́.

Omi ni ti ìkẹyìn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀ torí gbogbo ayé ti rí i. Ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bíi mélòó kan ni ẹ ó gbẹ́ ní Lẹ́kì kí omi tó sun, sọ́kàwéè ilé kan, ihò tí omi ìdọ̀tí ń wọ̀ sí, kò sì jìnnà sí bọ́hóòlù ilé kejì. Ní oṣù Keje ọdún 2017, àgbàrá kún ilé olówó àti ti tálákà ní Lẹ́kì àti Victoria Island. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ wó àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi ní ìhà Ikota àti ọ̀nà Orchid, ẹni tó rà á ló sì pàdánù.

Sí àwọn tó ń kọ̀wé sí mi pé kí ni kí àwọn ṣe, tí wọ́n sì ti pinnu láti rà níbẹ̀, èyí ni mo ń sọ. Ẹ béèrè ìwọ̀n ilẹ̀ inú ilé ní mítà onígun mẹ́rin, kí ẹ fi pín iye owó, kí ẹ sì fi wé ẹ́síteèti mẹ́ta mìíràn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ta kákáàsì, ìyẹn ilé tí wọn kò tíì parí inú rẹ̀, fún yín, kí ẹ parí inú rẹ̀ fúnra yín láìsan owó pí-ó-pì àti iná ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ kò fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ náà hàn yín, kí wọ́n sì sọ bóyá orúkọ yín yóò wà lórí ìwé tiyín tàbí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ni yóò wà lórí gbogbo rẹ̀, kí agbẹjọ́rò tiyín sì lọ wá a wò ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ béèrè owó ìtọ́jú ọdún mẹ́ta tó kọjá ní ẹ́síteèti tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó nínú yàrá òkè tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejì, kí ẹ ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì padà wá lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ ní oṣù Keje, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.