Mo Jókòó Títí Iná Fi Tàn, Orúkọ Mi Ò Jáde

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí wọra. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ó tó tutù lára mi, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Ohùn ni mo máa ń gbà sílẹ̀ fún fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ 34 ni mo fi gbé ọ̀pá makirofóònù sókè orí àwọn òṣèré nínú fíìmù tí mò ń sọ yìí. Ẹni tó bá ti gbé ọ̀pá yẹn rí, tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òjìji rẹ̀ bọ́ sínú àwòrán, ló mọ bí èjìká ṣe ń roni. Ìran kan wà níbẹ̀ tí ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé ìdáná. Fíríìjì ń kùn. Mo pa á, mo ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi sínú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, kí n má baà lọ sílé láì tan án padà. Mo ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, mo wá gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kí a lè fi dí àlàfo ohùn nígbà tí wọ́n bá ń gé fíìmù náà. Àwọn kan ń ráhùn pé mò ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ìran yẹn gan-an ló pa gbogbo èèyàn lẹ́kún lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wo fíìmù náà.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Mo mú màmá mi dání, mo mú ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pe gbogbo àwa obìnrin tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jáde, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ́ wa sí. Wọ́n fún wa ní òdòdó, wọ́n ya wá ní fọ́tò. Màmá mi pàtẹ́wọ́ títí. Nígbà tí fíìmù parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kó máa wá tèmi, ó sì ń ka gbogbo wọn sókè. Olùdarí kọjá. Ayàwòrán kọjá. Ó kan ohùn. Orúkọ ọmọkùnrin tó ń bá mi ká wáyà ló jáde, òun nìkan. Mo ní bóyá tèmi wà nísàlẹ̀. Àwọn awakọ̀ kọjá. Àwọn tó gbé oúnjẹ wá kọjá. Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, tiyín ńkọ́?" Mo ní kó ní sùúrù. Iná tàn. Òdòdó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màmá mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gba òdòdó náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí àga tó ṣófo.

Mi ò sunkún níbẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo ti sunkún.

Mo pe àwọn tó ṣe fíìmù náà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó tẹ orúkọ kò dé ibi tí a ti ya fíìmù rí, ìwé tí wọ́n fún un ló wò. "Àǹtí Sáúńdì" ló bá níbẹ̀, torí orúkọ tí gbogbo wọn ń pè mí nìyẹn. Ó yọ ọ́ kúrò, ó fi orúkọ tó tẹ̀ lé e síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì tún un ṣe sínú ẹ̀dà tó ń lọ sí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí orúkọ rẹ wà nínú ìwé àdéhùn kí o tó gbé irinṣẹ́ jáde nílé: bí o ṣe ń kọ ọ́, ipò tí o wà, àti pé o gbọ́dọ̀ rí àkọsílẹ̀ orúkọ kí wọ́n tó tì í pa. Ẹ̀kọ́ kejì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Tí wọ́n bá ń pè ẹ́ ní Àǹtí, jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n sọ orúkọ rẹ fún wọn. Mi ò bá ọmọkùnrin yẹn jà o, iṣẹ́ tirẹ̀ náà yẹ lóhun tí à ń kọ. Kì í sì í ṣe òkìkí ni mò ń wá. Orúkọ tó gòkè yẹn ni ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fúnni máa ń wá kiri. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ 34 ti wọlẹ̀.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Láti 1896 ni Alice Guy ti ń darí fíìmù ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó yá, orúkọ ọkùnrin ni wọ́n ń kọ sí iṣẹ́ rẹ̀, ó darúgbó tán kó tó máa wá fíìmù rẹ̀ kiri láti fi hàn pé òun ló ṣe é. Ọ̀pá tí mo fi ń jẹun yìí pàápàá, nínú fíìmù kan tó jáde ní 1929, nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn, Dorothy Arzner, obìnrin tó darí rẹ̀, ló ní kí wọ́n so makirofóònù mọ́ ọ̀pá ìpẹja kí òṣèré rẹ̀, Clara Bow, lè máa rìn bó ṣe fẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé ọ̀pá yìí kí n tó gbọ́ orúkọ Arzner!

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yẹ́ obìnrin sí lágbo fíìmù, mo dúpẹ́ fún òdòdó. Ẹ kọ orúkọ. Tí ẹ bá ń yin fíìmù kan, ẹ dárúkọ obìnrin tó gba ohùn rẹ̀, ẹni tó gé e, ẹni tó rán aṣọ. Ẹ̀yin òǹwòran, ẹ má dìde kí orúkọ tó tán. Ẹ kọ orúkọ, ẹ jọ̀ọ́.

Iṣẹ́ tuntun kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ lánàá, "olùrànlọ́wọ́ ohùn" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi. Mo dá a padà fún wọn láti tún un ṣe. Wọn ò tíì fèsì, àpótí irinṣẹ́ mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.