Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Lẹ́nu Ẹ̀kọ́ Bí A Ṣe Ń Jàjàbọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Gbá Ni Mú

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní

Aṣọ ni mo ń rán ní Kàbà níhìn-ín, ìjókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ sì ti sọ ẹ̀yìn mi di ọ̀pá. Eré ìdárayá ni mo ń wá kiri nígbà tí àgùnbánirọ̀ kan, tí ó ti kọ́ júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, kí wọ́n tó gbé e wá sí ibùdó wọn ní Asaya, gbà láti máa kọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lẹ́yìn ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Mo sọ fún un pé èmi kò fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbé ènìyàn ṣubú. Bí àwọn bàbá wa bá ń mú ẹkẹ, ẹni tí ó bá dá ẹnì kejì dé ilẹ̀ ni ó borí, ṣùgbọ́n ní tèmi, bí mo bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dì mí mú tí mo sì ti ń bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo ti borí.

Ọrùn ọwọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, “okun o” ni a fi ń kí ara wa, ọ̀rọ̀ náà sì dún bí agbára gan-an. Ṣùgbọ́n agbára ni ó kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Bíríkìlà ni àbúrò mi, nígbà tí ó sì di ọrùn ọwọ́ mi mú, mo fà á títí tí òógùn fi bò mí, kò sì mira. Àgùnbánirọ̀ náà ní kí n dúró kí n wo ọwọ́ tí ó dì mí mú. Ìka mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àtàǹpàkò nìkan ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àyè díẹ̀ sì wà níbi tí orí wọn ti pàdé. Bí mo bá fà sẹ́yìn tààrà, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ń bá jà. Bí mo bá darí ọwọ́ mi sí ibi àyè náà, àtàǹpàkò nìkan ni ó kù. Ọrùn ọwọ́ ènìyàn kò sì rí roboto: ó fẹ̀ ní ojú kan, ó tín-ín-rín ní etí rẹ̀. Nítorí náà, mo ní láti kọ́kọ́ yí ọwọ́ mi títí tí etí tín-ín-rín náà yóò fi kọjú sí àyè yẹn, kí n wá gbé ìgbọ̀nwọ́ mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dì mí mú dípò kí n máa fà á sọ́dọ̀ ara mi.

Ohun tí ó ṣòro jù nìyẹn, nítorí pé gbogbo ara ni ó ń sọ fún ènìyàn pé kí ó sá sẹ́yìn, nígbà tí ìgbésẹ̀ kan síwájú ni ó ń tú ọwọ́ náà. Ní ìgbà kejìlá tàbí ìkẹtàlá, ọwọ́ mi yọ bí ẹni pé wọ́n ta epo sí i. Àbúrò mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un ṣe, mi ò tíì dì yín mú dáadáa.”

Ọ̀sẹ̀ kejì

Bí àbúrò mi bá fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi kan, mo ń na ọwọ́ kejì gba àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo di ìkúùkù ara mi mú, mo sì gbé e sókè pẹ̀lú ìbàdí àti ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí mo mọ èyí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin

Ọrùn ni a wà lé lórí, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, àgùnbánirọ̀ náà fi òfin kan lélẹ̀, pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ gbá ara ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè ìdí. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fún ọrùn ẹlòmíràn ní tòótọ́, nítorí pé bí a bá tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì pa pọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti tó láti mú kí ènìyàn dákú.

Bí wọ́n bá fi ọwọ́ méjèèjì fún ni lọ́rùn láti iwájú, a óò fa àgbọ̀n mọ́ àyà, a óò na apá kan sókè kí èjìká fi kan etí, a óò sì yí gbogbo ara padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí abíyá yóò fi já lu ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò náà ni a tún ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ pé ó há orí mi mọ́ ìhà rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ yí àgbọ̀n mi sí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́po kí gògóńgò lè rí àyè mí, kí n sì fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ apá rẹ̀ láti fà á sílẹ̀. Mímí ni àkọ́kọ́. Ìjàjàbọ́ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kano Jigoro, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1882, tí júdò sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ba ìdúró ẹnì kejì jẹ́ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ìgbà tí orí mi há ni mo tó mọ ìtumọ̀ ẹ̀kọ́ yìí: níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ àbúrò mi bá fìdí múlẹ̀, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí apá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Mo fìdí rẹmi pátápátá. Àbúrò mi gbá mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó di apá mi méjèèjì mọ́ ìhà mi. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni pé kí n sọ ìdí mi sílẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó, kí n ya ẹsẹ̀, kí n fẹ ìgbọ̀nwọ́ mi síta, kí n sún ìbàdí mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n sì wá gbé ẹsẹ̀ mi sí ẹ̀yìn tirẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ni mo gbìyànjú rẹ̀, ìgbà mẹ́wàá náà ni ó gbé mi kúrò nílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Inú ilé ni mo wọ̀ kí n tó rí ohun tí ó fà á. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ fún mi ní orúnkún, ẹsẹ̀ mi kò sì lè yà tó bí ó ti yẹ. Èmi tí mo ń rán aṣọ fún àwọn ènìyàn kò ronú nípa èyí rí! Mo tú ìgbátí rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Mo fi jíìnsì àlòkù rán ẹ̀wù ìdánrawò méjì, mo rán ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé ìjà àdúgbò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnì kan ti di ọrùn ẹ̀wù ẹnì kejì mú. Bí àbúrò mi bá dì í mú, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà mi kí ó má baà lè fà á padà, mo sì ń yí èjìká títí tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ tí yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo tún fi bùbá àńkárá àtijọ́ dán an wò: ibi tí apá ti so mọ́ ara ẹ̀wù ni ó kọ́kọ́ ya. Ní tèmi, bùbá kò tó ohun tí ènìyàn ń dúró jà lé lórí. Ẹni tí ó bá lè fi í sílẹ̀ kí ó sá lọ, kí ó fi í sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ

Títí di àná, àbúrò mi ń ràn mí lọ́wọ́ láìmọ̀, nítorí pé ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rọ̀ kí n tó parí rẹ̀. Irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀ ń tan ènìyàn jẹ. Àná ni mo sọ fún un pé kí ó dì mí mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí n lọ, kí ó sì yan ibi tí ó bá wù ú. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí ó di ibì kọ̀ọ̀kan mú, mo yọ ọrùn ọwọ́ mi ní ìgbà mẹ́jọ. Mo yọ ọrùn mi ní ìgbà márùn-ún. Ti ẹ̀yìn, ìgbà mẹ́ta péré. Gbogbo ìgbà tí ó bọ́ sí i fún mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó fún pinpin, bẹ́ẹ̀ sì ni mo máa ń pariwo bí mo ti ń yí ara.

Mo bi àgùnbánirọ̀ náà nípa ẹni tí ó bá mú ìbọn tàbí ọ̀bẹ dání ní ojú ọ̀nà. Ó ní, “Mà, ẹ fún un ní fóònù yín.” Kò fi kún un, kò sì jẹ́ kí a dán irú rẹ̀ wò.

Ní Sátidé tí ó ń bọ̀, a óò bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ń ṣe ní ìdùbúlẹ̀, nígbà tí ẹnì kan bá gun orí ikùn ẹni. Fóòmù àtijọ́ méjì ni mo ti kó síta, mo sì ń fi èyí tí ó ṣẹ́kù nínú jíìnsì náà rán àpò sí wọn lára.