Àáké Òkúta Tí Mo Lọ Wò ní Arizona

Ẹ̀yin tó bá ń lọ sí Phoenix, ìlú kan ní Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lóṣù kẹfà, ẹ tètè máa jáde láàárọ̀. Oòrùn ibẹ̀ kò ní ojú àánú rárá. Ibi tí mo kọ́kọ́ forí lé ni mùsíọ́ọ̀mù S'edav Va'aki, tí wọ́n ń pè ní Pueblo Grande títí di 2023. Kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, bàálù á sì máa kọjá lórí yín bí ẹ ṣe ń rìn káàkiri ahoro.

Àwọn Hohokam, àwọn ará àtijọ́ kan lágbègbè náà, ló tẹ ibẹ̀ dó. Etí odò Salt àti Gila ni wọ́n ń gbé fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, títí di nǹkan bí 1450. Wọ́n gbẹ́ ojú omi tó gùn lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì láti bomi rin àgbàdo, ẹ̀wà àti òwú, láìní irin kankan lọ́wọ́. Ojú omi yìí ni gbogbo ayé ń ròyìn. Àáké ni tèmi.

Òkúta líle ni. Wọ́n á fi òkúta mìíràn kàn án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ àáké, wọ́n á wá fi iyanrìn àti omi lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Nítòsí orí rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn yóò so èèkù mọ́. Kòtò ọ̀hún kò yí òkúta náà po o! Ó gba ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kẹrin sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá ti di èèkù mọ́ ọn tán, wọ́n á ki igi ṣóńṣó bọ ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú yẹn kó lè fún dáadáa. Bó bá dẹ̀, kí wọ́n gbá igi náà wọlé sí i ni. Ó dá mi lójú pé orí àáké ti fò yọ mọ́ ẹni tó ronú èyí lọ́wọ́ rí. Ọ̀kan wà nínú gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kòtò, torí pé wọ́n ń pọ́n ọn lápọ̀ntúnpọ́n.

Ẹdùn àrá ló sọ sí mi lọ́kàn, èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń hú jáde lóko, tí wọ́n ń kó sínú àwo igi lójúbọ Ṣàngó. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké ará àtijọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí mo ti rí nílé kò ní kòtò ní tiwọn.

Láti ibẹ̀ mo wakọ̀ lọ sí Casa Grande, nítòsí Coolidge. Ilé amọ̀ tó ga tó àjà mẹ́rin ni, wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 1350, òrùlé irin tí ìjọba gbé lé e lórí sì ti wà níbẹ̀ láti 1932. Ihò tí igi àjà wọ̀ ṣì hàn lára ògiri. Igi pine àti fir wà nínú àwọn igi wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ orí òkè tó jìnnà ju 50 máìlì lọ ni wọ́n ti ń hù. Àáké òkúta ni wọ́n fi gé wọn, wọ́n sì kó wọn wálé láìní ẹṣin, láìní kẹ̀kẹ́.

Bí ẹ bá rí òkúta tó jọ àáké nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á, àwọn Akimel O'odham àti Tohono O'odham, ọmọ àwọn tó ṣe é, ṣì ń gbé nítòsí.