Ẹsẹ̀ Rookie àti Àdéhùn Ọwọ́ Rẹ̀: Ohun Tó Ń Gé Ọjọ́ Agbábọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n Kúrú ní NBA

Oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń pe orúkọ ọmọ níbi draft, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ìyá á bú sẹ́kún ayọ̀, WhatsApp á kún fún àwòrán láti Houston títí dé Ìbàdàn. Kí Oṣù Keje tó parí, ọmọ náà á ti máa gbá bọ́ọ̀lù ní Summer League ní Las Vegas. Tó bá di Oṣù Kẹwàá, sáà gan-an á bẹ̀rẹ̀: géèmù 82 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ní yunifásítì tó ti ń bọ̀, bíi 30 sí 35 ló ń gbá lọ́dún. Ibẹ̀ ni wàhálà rookie, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ NBA, ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tì í ṣubú rárá.

Ara ọmọ ọdún 19 kò tíì gbó. Àwọn ọkùnrin ọdún 28 sí 30, tí wọ́n ti ń gbé irin láti ọdún pípẹ́, ló ń kọlù ú lábẹ́ àwọ̀n. Géèmù á parí lálẹ́, wọ́n á wọ bàálù, wọ́n á dé ìlú mìíràn ní aago méjì òru, nígbà mìíràn wọ́n á tún gbá lálẹ́ ọjọ́ kejì. Tó bá máa fi di Oṣù Kìíní, okun á ti tán nínú rẹ̀; ìgbà yìí ni wọ́n ń pè ní "rookie wall". Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í balẹ̀ bó ṣe yẹ. Orúnkún á tẹ̀ sínú, ọrùn ẹsẹ̀ á yẹ̀, iṣan á sì ru ẹrù tí ẹran itan ì bá bá a gbé.

Ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń rọ́ jù. Ọmọ á fò, á balẹ̀ sórí bàtà ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ á ṣẹ́ sínú, iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta á fà ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpara gbígbóná wọ́ ọ lọ́jọ́ náà, bí a ṣe máa ń ṣe nílé. Ooru àti ìwọ́ra á mú un wú sí i ni. Ohun tó ń tan àwọn ọmọ jẹ ni pé ìrora máa ń lọ kí agbára tó padà, ẹsẹ̀ tó sì ti rọ́ lẹ́ẹ̀kan ló rọrùn jù láti tún rọ́. Kí wọ́n tó jẹ́ kó padà sórí pápá, ó yẹ kó lè fi ẹsẹ̀ náà nìkan gbé gìgísẹ̀ sókè nígbà 25, kó lè fi í dúró ní dídi ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó sì lè fi í fò jìnnà tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tí ẹsẹ̀ kejì ń fò dé. Tí ọ̀kan bá kù, ẹsẹ̀ kò tíì yá.

Orúnkún ló ń gba ọjọ́ púpọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Iṣan tó so egungun iwájú orúnkún mọ́ ojúgun máa ń dun agbábọ́ọ̀lù láàárọ̀, ìrora á lọ tí ara bá gbóná, á sì padà lálẹ́ lẹ́yìn géèmù. Ìsinmi pátápátá kò wò ó, nítorí iṣan tí kò ṣiṣẹ́ ń rọ ni. Ohun tí fisiò tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé kí agbábọ́ọ̀lù náà na ẹsẹ̀ ti ohun wúwo láìmì fún ìṣẹ́jú àáyá 45, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó máa sinmi bí ìṣẹ́jú méjì láàárín. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sórí gbígbé irin wúwo díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora sínú iṣan yẹn léwu, ó lè jẹ́ kó já.

Èyí tó dùn wá jù ni ti meniscus, awẹ́ rírọ̀ tó wà láàárín egungun orúnkún méjèèjì. Tó bá ya, ọ̀nà méjì ló wà. Dókítà lè gé ibi tó ya kúrò, ọmọ á padà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ó sì lè rán an, tí ibi tó ya bá ṣe é rán, ìyẹn á gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Èyí tí wọ́n rán ló ń dáàbò bo orúnkún fún ọjọ́ iwájú. Èyí tí wọ́n gé ń jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Ọmọ tí àdéhùn rẹ̀ kò dájú á sọ pé kí wọ́n gé e. Ẹ̀rù ló gbé ìpinnu yẹn kalẹ̀, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn.

Nítorí náà, ẹ wo àdéhùn kí ẹ tó wo ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú ní ìpele kìíní draft ní owó ọdún méjì tó dájú. Ọdún kẹta àti ìkẹrin wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹni ìpele kejì kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ àfi ohun tí agẹ́ńtì rẹ̀ bá bá a jà fún. Ẹni tó wà lórí two-way, àdéhùn tó pín ọmọ láàárín ẹgbẹ́ NBA àti ẹgbẹ́ kékeré rẹ̀ ní G League, kò gbọdọ̀ ju géèmù 50 lọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ NBA. Àkókò láti wò sàn ni owó ń rà níbí. Joel Embiid, ẹni kẹta tí wọ́n mú ní draft 2014, egungun navicular àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́, egungun tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú rẹ̀ dáadáa. Ó jókòó ní sáà méjì gbáko, ẹgbẹ́ rẹ̀, Philadelphia, dúró dè é, ó sì di MVP, agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì, ní 2023. Blake Griffin pàdánù gbogbo sáà 2009–10 nítorí orúnkún, ó padà gbá 82. Chet Holmgren farapa ní ẹsẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ 2022, kò gbá ìkankan lọ́dún náà, ó gbá 82 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n mú ní ipò 45 kò ní rí ẹni tó máa dúró dè é bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo orúnkún náà ni sùúrù ń gbà là. Greg Oden, ẹni kìíní ní 2007, ṣe iṣẹ́ abẹ kí ó tó gbá géèmù kan ṣoṣo. Géèmù 105 ni gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Festus Ezeli, ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú Benin, wọlé ní ipò 30 ní 2012. Orúnkún gba gbogbo sáà rẹ̀ kejì, kò sì gbá ní NBA mọ́ lẹ́yìn 2016. Ti Jay Williams tún yàtọ̀: ó gbá 75 ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Chicago, ọ̀kadà ló fi ṣe jàǹbá ní Oṣù Kẹfà 2003, ìyẹn sì ni òpin rẹ̀ ní NBA. Àdéhùn NBA ka ọ̀kadà léèwọ̀. Ẹ ka ibẹ̀ fún ọmọ yín.

Nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń pe gígùn iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta ni èèyàn gbọ́dọ̀ lò kí owó ìfẹ̀yìntì tó tọ́ sí i, ìyẹn ló jẹ́ kí ìfarapa ọdún kìíní wúwo tó bẹ́ẹ̀. Hakeem Ọlájuwọ́n wa, ọmọ Èkó, gbá gbogbo 82 ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 1984–85, ó sì lo sáà 18. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti aláfọwọ́gbá ló fi dàgbà, ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ lára wọn kò kéré. Ìlànà tí NBA àti USA Basketball gbé jáde ní 2016 fún àwọn ọ̀dọ́ náà sọ pé kí ọmọ má fi bọ́ọ̀lù yìí nìkan ṣe eré ìdárayá kí ó tó pé ọdún 14. Àwọn òbí wa kan níbí ní Amẹ́ríkà ń gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ sí ìdíje ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún èrò pa.

Ọmọ tó wá láti ilé, tó wà lórí P-1, físà àwọn eléré ìdárayá, ẹgbẹ́ ni físà náà so mọ́. Tí wọ́n bá lé e kúrò kí àkókò físà náà tó pé, àwọn tó gbà á síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ san owó bàálù tó máa gbé e padà sílé. Ẹ bi agbẹjọ́rò físà léèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìfarapa yòówù kó jẹ́, kí ọmọ fi tó dókítà ẹgbẹ́ létí lọ́jọ́ náà, ní kíkọ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ sí dókítà kejì, kó lò ó kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Kí ẹnìkan nínú ẹbí máa gba ẹ̀dà gbogbo MRI àti ìwé iṣẹ́ abẹ, kó tò wọ́n lọ́jọ́ lọ́jọ́ sínú fáìlì kan. Tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ mìíràn ní Oṣù Kejì, dókítà tuntun tó máa yẹ orúnkún náà wò lọ́jọ́ yẹn kò rí i rí, fáìlì yìí ló máa sọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ fún un.